Bí A Ṣe Wá Ẹyẹlé Kan Nínú Ìwé Méjìlélógún

Ẹyin sísè kan, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí o bá ra méjì, n ó gba kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ, n ó sì bu iyọ̀ àti ata gígún sínú bébà fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí mò ń tà á nìyẹn ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mi ò tíì mọ̀ pé inú òwú ni n ó ti lo ayé mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Ìkarùn-ún sá fún mi, tàbí èmi ni mo sá fún un, a ò tíì yanjú ìjà yẹn títí di òní. Ẹnu nìkan ni mo mú jáde nílé ìwé láìṣe pé mo jí i. Ẹnu náà ni mo fi ta ẹyin, òun ni mo fi ta súwẹ́tà, òun náà ló sì kù díẹ̀ kó pa mí. Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò, wọ́n ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń parí ilé ìwé lásìkò yìí máa ń yà lọ́dọ̀ mi. "Ìyá Onísúwẹ́tà, iṣẹ́ wo ló dáa kéèyàn kọ́?" Mi ò mọ èyí tó dáa. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀. Ẹ jókòó, ẹ má fọwọ́ kan òwú yẹn, kí n sọ fún yín.

Ọyẹ́ ló mú mi débẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń jẹ ètè wa bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu, tíṣà obìnrin kan wá ra ẹyin mẹ́rin. Ó wọ súwẹ́tà pupa kan, ara rẹ̀ móoru, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé oṣù kejì ọdún ni a wà. Eyín tèmi ń lu ara wọn.

Mo ní, "Àǹtí, níbo lẹ ti ra iná yìí wọ̀?"

Ó ní, "Wọ́n hun ún ni. Màmá Ìbẹfun, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo gbé abọ́ ẹyin mi, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Iye tí mo san kí wọ́n tó gbà mí, ẹ má bi mí. Mo san án, ó tán. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀.

Màmá Ìbẹfun kì í na èèyàn. Ì bá sàn kó nà wá. Ọmọ Ìbẹfun ni, ó kúrú, ó ní gíláàsì tí okùn so mọ́ etí rẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. "Tú u." Abẹ́rẹ́ gígùn méjì ló kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n hun òwú tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo hun ún. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ka ojú òwú rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ń ka owó onígbèsè.

"Tú u."

Mo tú u. Mo tún un hun.

"Tú u, Ẹlẹ́yin."

Orúkọ tó fún mi nìyẹn, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi mọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi hun àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo, òwú kan náà, tí mo ń tú u. Òwú náà hu irun, ó dà bí ológbò tí òjò pa. Ní ọjọ́ tó wò ó tí kò sọ̀rọ̀, mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Mi ò tíì ní ó dáa. Ó rẹ̀ mí ni."

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni maṣíìnì dé. Hà! Ẹ̀yin ò rí ọjọ́ náà. Maṣíìnì ìhunṣọ gùn bí pósí ọmọdé, ó ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n to ara wọn bí eyín. Ohun kan wà lórí rẹ̀ tí a ń tì lọ tì bọ̀, àwa ń pè é ní mọ́tò. O tì í lọ, ìlà kan ti hun. O tì í bọ̀, ìlà kejì ti hun. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tì í, mo ju ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sá jáde. Ohun tí mo fi wákàtí kan hun, mọ́tò yìí hun ún kí n tó mí! Mo rò pé mo ti fi ọdún kan ṣòfò. Màmá ní, "Padà wá síbí. Maṣíìnì kò mọ ìgbà tó yẹ kó dín. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Dídín yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí o bá ń hun ọrùn súwẹ́tà, o ní láti máa yọ ojú òwú kúrò ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí ọrùn lè máa sún wọlé. Dín in kéré jù, ọrùn á ṣí gbàyàwù bí ẹnu àpò. Dín in jù, ọrùn á fún. Ẹ rántí èyí.

Òfin méjì ni Màmá fi lé wa lọ́wọ́ nígbà tí a gba òmìnira tí a sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èkínní: ìwé kì í pa dé. Oníkálukú wa ní ìwé tó ń kọ bí a ṣe ń hun nǹkan sí, iye ìlà, iye ojú, ibi tí a ti ń dín. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti ìwé rẹ̀ mọ́ àpótí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ tó ní kí o gbé ìwé wá, o ó gbé e fún un, yóò jókòó, yóò dà á kọ. Ohun kan ṣoṣo tí o lè béèrè ni pé kó ya àmì rẹ sábẹ́ ohun tó dà kọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá. Àmì tèmi ni ẹyin. Ti Sídíkátù ará Òdogbolu ni oṣù tuntun. Àwọn oníṣòwò yòókù ní ọjà Òkè-Ajé rò pé orí wa ti dàrú. "Ẹ ń fi ọgbọ́n ọjà yín hàn ara yín? Ẹ̀yin kì í ṣe Ìjẹ̀bú!" Ṣùgbọ́n òfin yìí ló jẹ́ kí èèyàn márùn-ún tó wà ní ìlú mẹ́ta lè gba iṣẹ́ kan náà, kí ẹ̀wù gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì.

Òfin kejì: orí ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù oníbàárà kí orí tó ni ín tó wọ̀ ọ́. Màmá kò fẹ́ kí á gbé súwẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni kọ́ orí ọmọ wa láti fi dán an wò. "Ṣé ìwọ lo ni orí tó sanwó?" Bí ó ṣe máa ń wí nìyẹn. Gbogbo wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ta ló fẹ́ fi ọ̀ràn orí ṣeré?

Èmi tí mi ò mọ ìwé kọ púpọ̀, àwòrán ni mò ń yà sínú ìwé tèmi. Apá súwẹ́tà, mo ya ọ̀pẹ. Ara rẹ̀, mo ya agbada ìdín-gàrí. Àwọn tó kàwé kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n rí i pé ó yá ju kíkọ lọ, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀pẹ. Mo ń wò wọ́n, mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Tíṣà ilé ìwé alẹ́ ní í kọ́ wọn ní ìwé, èmi ẹlẹ́yin ni mò ń kọ́ wọn ní àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó dùn mí.

Ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ súwẹ́tà ọgọ́sàn-án fún ọyẹ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé àwo omi lérí, ní òun kò fẹ́ ọrùn tí gbogbo ayé ń wọ̀. Òun fẹ́ ọrùn tó máa dúró. Mo padà sílé, mo gbìyànjú, mo tú u, mo gbìyànjú, títí mo fi rí ọrùn kan tó wú díẹ̀ bíi ti akọ ẹyẹlé tó ń ké. Ojú méjì ni mo ń dín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ẹyọ kan lọ fún Ọ̀gá, ó fi wọ ọmọ ara rẹ̀, ó ní òun gbà. A pín iṣẹ́ náà sí márùn-ún, mẹ́rìndínlógójì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: èmi, Sídí ní Òdogbolu, Ìyá Bísí tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ níbí, àti àwọn obìnrin méjì ní Ìbẹfun. Mo ya ẹyẹlé sínú ìwé mi fún ọrùn náà. Ẹsẹ̀ ẹyẹlé ni mo fi ṣe iye ojú tí èèyàn yóò dín: ẹsẹ̀ méjì, ojú méjì. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wọn pé ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kà. Sídí ló kọ́kọ́ wá dà á kọ. Àwọn yòókù dà á kọ lọ́dọ̀ Sídí.

A hun ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kó gbogbo rẹ̀ jọ, a fọ̀ ọ́, a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, a kó o lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó dára lójú. Ọ̀gá yìn wá. Ó pe ọmọdé kan jáde, ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó ń jẹ bisikíìtì, ó ní kó wá wọ tirẹ̀.

Apá wọlé. Orí wọlé dé iwájú orí, ó dúró.

Tíṣà kan fà á. Ó há. Tíṣà kejì wá di èjìká ọmọ mú. A kò rí ojú ọmọ mọ́, a kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òwú: "Ẹ má pa mí o! Ẹ má pa mí!" Bisikíìtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run má bínú sí mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àfìgbà tí mo rí ojú Ọ̀gá ni ẹ̀rín náà gbẹ. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ọrùn súwẹ́tà náà kí ọmọ tó jáde, etí rẹ̀ pupa bí ata rodo.

Wọ́n gbìyànjú òmíràn. Ó há. Ìkẹta, ó há. Ẹnu mi là sílẹ̀, kò pa dé. Ọgọ́sàn-án súwẹ́tà!

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú èyí tó wà nínú àpò aláwọ̀ búlúù wò. Tèmi nìyẹn."

Tèmi wọlé wọ̀ọ̀. Wọ́n mú òmíràn nínú tèmi, ó wọlé wọ̀ọ̀. Mẹ́rìndínlógójì tèmi dára; mẹ́rìnlélógóje tó kù, orí kan kò lè gbà á kọjá. Ọ̀gá ní kí a kó wọn kúrò níwájú òun. Ó fún wa di Ọjọ́rú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, yóò sì sọ fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé yòókù irú ènìyàn tí a jẹ́.

A pe ìpàdé ní ọjọ́ kejì nílé Màmá. Ìyá Bísí ka ìwé tirẹ̀: ẹyẹlé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ará Ìbẹfun ṣí tiwọn: ẹsẹ̀ mẹ́ta. Sídí ṣí tirẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti dín ojú mẹ́ta níbi tó yẹ kí wọ́n dín méjì, torí náà ọrùn wọn fún. Lábẹ́ ti àwọn mẹ́ta yòókù, oṣù tuntun, àmì Sídí.

Mo dìde. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnu bá ń yún yín, ẹ máa fi nǹkan dí i.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti wá rí i! Ẹyẹlé wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́ta láyé? Sídí, ṣé Òdogbolu ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń gbé? O pa wá lórúkọ, o fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ pa!"

Sídí jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ó ní, "Kẹ́mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti rí i. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹyin ni mo yà síbẹ̀."

"Ta ni kò lè ya ẹyin? Adìyẹ pàápàá ń yé e!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gba agbára sí i. Mo ní tèmi wọ orí ọmọ, gbogbo ènìyàn rí i. Báwo ni ẹni tó hun ún dáadáa yóò ṣe kọ ọ́ lódì? Mo ní ẹni tó bá ba ìwé ẹgbẹ́ jẹ́ ni kó ra òwú tí a ó fi tún un ṣe, kí ẹgbẹ́ sì gba maṣíìnì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló bá Sídí ra maṣíìnì yẹn. Òun nìkan ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mi ò parọ́ fún yín, mo sọ ọ́, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Màmá dúró kí n jókòó. Ó wá ní, "Ẹlẹ́yin, ìwé tìrẹ dà?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó, Màmá. Ẹnìkan ti yá a. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìwé kì í pa dé."

"Ó dáa. Ẹjọ́ tí o dá yìí, mo gbà á. Ẹni tó kọ ọ́ lódì ni yóò ṣe gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gba maṣíìnì ẹnikẹ́ni, ẹ lọ kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ jọ, níbí, ní Òdogbolu, ní Ìbẹfun. Ìwé méjìlélógún ni. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ẹyẹlé, ẹ fi òwú pupa há ojú ìwé náà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo àmì abẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni a ó mọ ibi tí ẹyẹ yìí ti fò wá."

Ọmọ àbúrò mi kan ní Èkó, kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé àwọn tó ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣí ìwé wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́, kó dà á kọ, kó ṣáà fi orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀. Mo ní, "Ta ló lọ sọ òfin Màmá Ìbẹfun fún àwọn òyìnbó?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ní òun ń wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé gbogbo wọn. Kí n tó fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ti rí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé! Mo jókòó sílẹ̀, mo gbá àyà mú. Ìwé méjìlélógún péré, odidi ọjọ́ méjì ni a fi ẹsẹ̀ wá a.

A wá a lóòótọ́. Ìyá Bísí gba Ìbẹfun lọ. Èmi gba Òdogbolu, nítorí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹ̀ṣẹ̀ Sídí. Ojú ọ̀nà kún fún eruku ọyẹ́, irun ojú mi funfun. Mo ń ṣí ìwé àwọn ènìyàn lójú ewé lójú ewé. Mi ò lè ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ, àwòrán ni mò ń wá. Ẹnu yà mí sí ohun tí mo rí. Ọ̀pẹ mi wà níbẹ̀. Agbada mi wà níbẹ̀. Nínú ìwé obìnrin kan tí mi ò bá sọ̀rọ̀ rí, ọ̀pẹ kan wà tí imọ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, nítorí pé eṣinṣin bà lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí mo ya ti àkọ́kọ́. Ó ti ya ibi tó ṣẹ́ náà mọ́ ọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bí mo ṣe bá a nìyẹn, mà. Mo rò pé ó ní ìdí."

Ó yẹ kí ara fu mí níbẹ̀. Kò fu mí. Ẹ̀rín ni mo fi í rín.

Ìwé mọ́kànlélógún pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹyẹlé wà nínú méje. Nínú méjèèje, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Abẹ́ mẹ́fà, oṣù Sídí. Abẹ́ ti Sídí nìkan, ẹyin. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, tèmi. Mo ti bi gbogbo ènìyàn léèrè ẹni tó yá a, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ti ń sọ fún wọn pé Sídí ló fi pamọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti tó ọdún kan tí kò ti wá. Ìyá Bísí tẹ̀ lé e, Sídí sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ojú tó wú. Mo gbé àga fún Màmá. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé: bí mo ṣe wá a, ibi tí mo wá a dé, ohun tí mo rò nípa àwọn kan. Màmá kò wò mí. Tábìlì maṣíìnì mi ló ń wò. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi tọ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà.

"Kí ni o fi sí abẹ́ èyí?"

Mo ní, "Ìwé kan ni, Màmá. Tábìlì ń mì ni mo ṣe..."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Ìwé ta ni, Ẹlẹ́yin?"

Hà. Hà! Ìwé tí mi ò lò mọ́ nítorí pé mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí, tábìlì ń mì lọ́jọ́ kan, mo nawọ́ mú ohun tó súnmọ́ mi, mo ká a sí méjì, mo fi há ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ti kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Orí rẹ̀ ni mo jókòó tí mo ń hun, tí mo ń bú Sídí.

Ìyá Bísí gbé ẹsẹ̀ tábìlì sókè, ó fà á yọ. Ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹja gbígbẹ. Ó ṣí i. Ó ṣí i títí ó fi dé ibẹ̀. Ó yí i sí mi.

Ẹyẹlé mi dúró níbẹ̀, ó wú ọrùn, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló dúró lé.

Títí di òní, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá báírò ló yọ̀, bóyá mò ń fi ẹnìkan ṣẹ̀sín lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ kẹta náà tilẹ̀ dára ju méjì ìyókù lọ, ó ní èékánná. Mo hun tèmi láti orí mi, mi ò wo ìwé. Àwọn tó gbà mí gbọ́ ló wo ìwé. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta da tèmi nù lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ sì tú sí mi lára.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Màmá ní, "Ìwọ lo dá ẹjọ́ náà. Èmi kọ́. Ta ni yóò ra òwú?"

"Èmi ni, Màmá."

"Maṣíìnì ńkọ́?"

Mo wo maṣíìnì mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ta ẹyin wà nínú rẹ̀, àti oṣù mẹ́ta "tú u", àti owó oúnjẹ tí mi ò jẹ. Mo ní, "Ẹ gbé e, Màmá. Kí Sídí mú un."

Sídí ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Maṣíìnì méjì? Ṣé ọwọ́ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi? Ẹyẹlé rẹ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, o wá fẹ́ kí èmi ní ọwọ́ mẹ́rin."

Ìyá Bísí kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni Màmá, Màmá Ìbẹfun tí mi ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, bú sẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi já bọ́ létí. Èmi ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ayé ṣẹ̀sín títí, ayé náà ti wá gba ìpín tirẹ̀.

Mo ní, "Sídí, kí wá ni kí n fi tọrọ àforíjì? Sọ ọ́, ohunkóhun."

Ó ronú. Kì í ṣe ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo wọkọ̀ láti Òdogbolu wá sí ìpàdé ọjọ́ yẹn, mo sì wọkọ̀ padà. Èébú ni mo wá gbọ́. Mi ò lè fi owó ara mi wọkọ̀ wá gbọ́ èébú. Dá owó ọkọ̀ mi padà."

Màmá ní ẹjọ́ parí. Ó yọ gèlè rẹ̀, ó fi í di ìbàdí, ó ní, "Ẹ kó wọn wá. Ẹ tú u."

A tú ọrùn mẹ́rìnlélógóje. Òwú tí a tú ti tẹ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, tuntun tí mo rà ni a fi tún un hun. Ẹni tó ń tú, ń tú. Ẹni tó ń hun, ń hun. Àwa márààrún jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, Màmá náà mú abẹ́rẹ́ gígùn méjì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán hun ní ìgbà tí maṣíìnì ń pariwo. Ó yí òfin kejì padà díẹ̀. Ó rán mi lọ sílé ìwé náà kí n fi òwú wọn orí àwọn ọmọ tó ni ẹ̀wù. Mo wọn orí títí apá fi ń ro mí. Ọmọ tó há lọ́jọ́ náà rí mi, ó sá wọ abẹ́ tábìlì. A kó gbogbo rẹ̀ lọ ní Ọjọ́rú. Orí wọlé, orí jáde.

Ọdún púpọ̀ ni mo ṣì fi hun lẹ́yìn ìyẹn. Maṣíìnì oníkáàdì dé, páálí tí wọ́n lu ní ihò ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, àwòrán òdòdó á sì jáde fúnra rẹ̀. Mo tún sá jáde, mo tún padà wọlé. Òkírìkà dé lẹ́yìn rẹ̀, súwẹ́tà òyìnbó tí iye rẹ̀ kò tó owó òwú wa. Ìyẹn ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú, mo ta á títí orúnkún mi fi ní ó tó. Màmá ti sùn. Èmi àti Sídí di ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń fi pa òwe. Kò sí ìgbà tí mo ya nǹkan sínú ìwé lẹ́yìn ìgbà yẹn tí mi ò gbé e lọ fún un kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi.

Ìbéèrè tí ẹ̀yin ọmọ máa ń bi mí kẹ́yìn ni pé èló ni iṣẹ́ yìí mú wọlé fún mi. Ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀, mo jẹ ẹ́. Èyí tó jáde ni mo lè kà fún yín láìwo ìwé. Òwú ọrùn kan, àádọ́ta kọ́bọ̀, ọ̀nà mẹ́rìnlélógóje. Mo san án fún olówùú, ìgbà kan ṣoṣo láyé mi tí mo ra ọjà láìnájà. Lẹ́yìn náà mo wọkọ̀ lọ sí Òdogbolu, mo bá Sídí nídìí maṣíìnì rẹ̀, mo ka ọgbọ̀n kọ́bọ̀ àlọ àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ àbọ̀ sí i lọ́wọ́. Ó tún un kà níṣojú mi. Gbogbo ohun tí ẹyẹlé yẹn gbà lọ́wọ́ mi jẹ́ náírà méjìléláàdọ́rin àti ọgọ́ta kọ́bọ̀.